Wáyà tó Gba Ojú Odi Lọ sí Yàrá Màmá

Ọ̀rọ̀ sísọ ni àìsàn náà gbà lọ́wọ́ màmá mi jù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún kò lè di ṣíbí mú dáadáa, ṣùgbọ́n ìyẹn kò bà á lọ́kàn jẹ́ tó ohun tó ṣe ẹnu rẹ̀. Tíṣà ni màmá mi. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé wa ní ilẹ̀ Yàgbà, kíláàsì kìíní ló sì fẹ́ràn jù, níbi tí wọ́n ti ń fi àwòrán han ọmọ pé ife nìyí, àga nìyí, adìẹ nìyí. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, tí wọ́n sì gbé e wá sọ́dọ̀ mi ní Lọ́kọ́ja, mo gbé omi fún un ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó na ọwọ́ òsì sí ife náà, ó fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, ẹnu kọ̀ fún un. Ó mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. "I... i..." nìkan ló jáde, omijé ló sì tẹ̀lé e.

Àdúgbò Natako la ń gbé, nínú ilé tí bàbá ọkọ mi kọ́. Ilé ńlá wà níwájú, yàrá méjì sì dá dúró lẹ́yìn, àgbàlá ló pín wọn níyà. Òkúta ni bàbá ọkọ mi fi mọ àwọn yàrá ẹ̀yìn yẹn, ògiri rẹ̀ nípọn débi pé èèyàn lè jókòó sójú fèrèsé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kanlẹ̀ nínú, kó má kanlẹ̀ níta. Ibẹ̀ ni Màmá yàn. Ooru Lọ́kọ́ja kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá ṣeré, òkúta náà sì máa ń tutù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ńlá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ tẹ́jú, ó lè fi ọ̀pá rẹ̀ wọlé kó fi jáde láìsí pé ẹnikẹ́ni dì í mú.

Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ló sọ fún mi pé obìnrin kan wà ní Ìlọrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ́ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sísọ padà. Ọ̀nà Ìlọrin kò ṣeé gbé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn gbà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nítorí náà obìnrin náà ní òun yóò máa kọ́ ọ lórí fídíò, ní ọjọ́ Túsìdeè àti Fúráìdeè, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló tẹnu mọ́.

"Màmá gbọ́dọ̀ rí ẹnu mi dáadáa, Mà. Bí mo ṣe ń ká ètè, bí mo ṣe ń gbé ahọ́n, òun ni wọ́n máa wò láti fi sọ tiwọn. Bí àwòrán bá ń dúró, iṣẹ́ náà ò ní ṣeé ṣe."

Mo ní kó má ṣèyọnu. A ní nẹ́tíwọ́kì nílé. Ráútà wa wà nínú pálọ̀, lórí kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Nínú pálọ̀ náà la ti ṣe ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Èmi àti ọkọ mi, tó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, gbé Màmá gun àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a gbé e jókòó, a gbé tábúlẹ́ẹ̀tì síwájú rẹ̀. Obìnrin Ìlọrin náà fi àwòrán adìẹ hàn án. Màmá ń gbìyànjú, òógùn ti bò ó níwájú orí, "a" ti jáde, "adì" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde, ni ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa bá kan ilẹ̀kùn tó sì wọlé. Kò mọ nǹkan kan, ó wá kí aláìsàn ni. Ó dúró, ó ń wo tíṣà àná tí kò lè pe adìẹ. Màmá pa ẹnu dé. Kò sì là á mọ́ títí ẹ̀kọ́ fi parí.

Ní ọjọ́ Fúráìdeè, nígbà tí a fẹ́ gbé e, ó fi ọwọ́ òsì di férémù ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ mú, ó ń mi orí. Mi ò bá a jà. Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lọ bá a nínú yàrá.

Nẹ́tíwọ́kì pálọ̀ ò gba inú òkúta yẹn kọjá. Mo yí sí ti fóònù mi, ìyẹn náà ń wá ó ń lọ, nítorí òkè wà lẹ́yìn wa, páànù wà lókè orí wa, ògiri sì yí wa ká. Obìnrin náà yọ, ó kí Màmá, ó ní, "Ẹ wo ẹnu mi, Mà, ẹ sọ pé..." ibẹ̀ ni àwòrán ti dúró. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú rẹ̀ ò ṣẹ́. Màmá tẹjú mọ́ ẹnu tó là sílẹ̀ náà. Òun náà la ẹnu tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó ń dúró. Ìgbà tó pẹ́, ó yí ojú sí mi, ó fi ìka gbá àyà ara rẹ̀ pẹ́pẹ́. Ó ń bi mí bóyá òun ló bà á jẹ́.

"Kì í ṣe ẹ̀yin o, Màmá," mo ní. "Nẹ́tíwọ́kì ni. Kì í ṣe ẹ̀yin rárá."

Kò dà bíi pé ó gbà mí gbọ́. Mo jáde sí àgbàlá, mo sunkún díẹ̀ lábẹ́ igi dongoyárò, mo nu ojú mi, mo sì pinnu pé nẹ́tíwọ́kì yóò wọ yàrá yẹn.

Ọkọ mi ò rí i bẹ́ẹ̀. Àbújá ló ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Nígbà tí mo rò ó fún un, ó ní, "Ṣé kò ní rọrùn ká kó Màmá wá sínú ilé ńlá? Àwọn ọmọ ò sí nílé, yàrá wọn ṣófo. Nẹ́tíwọ́kì wà níbẹ̀."

"Dádì wọn, àtẹ̀gùn ńkọ́?"

"A ó máa gbé wọn."

"Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àbújá lẹ ó máa gbé wọn ní ọjọ́ Túsìdeè? Màmá ti pàdánù ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí fúnra wọn ṣẹ́kù sí wọn lọ́wọ́."

Ó ní ká ṣì máa wò ó ná.

Mo kọ́kọ́ lọ ra ohun tí ẹni tó ń ta fóònù ní ojú títì ní kí n rà, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì iná. Ó ní yóò gba nẹ́tíwọ́kì láti pálọ̀, yóò sì tún un fọ́n sí iwájú. Mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì nínú yàrá Màmá. Nígbà tí mo wo tábúlẹ́ẹ̀tì, àmì nẹ́tíwọ́kì kún fọ́fọ́! Inú mi dùn, mo pe obìnrin Ìlọrin. Ìṣẹ́jú méjì kò pé tí ẹnu rẹ̀ tún fi là sílẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó mú mi bínú jù ni àmì tó kún náà. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi lókè tábúlẹ́ẹ̀tì, nǹkan kan ò sì kọjá.

Ní ọ́fíìsì wa, ọkùnrin Ígálà kan wà tó ń mójú tó àwọn kọ̀ǹpútà. Mo lọ bá a ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, mo rò fún un. Ó rẹ́rìn-ín.

"Madam, where you put am?" ó bi mí.

Mo ní nínú yàrá náà.

"Ehn! Na there e no dey hear." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í po Yorùbá tó gbọ́ díẹ̀ díẹ̀ mọ́ Pidgin, ó ṣàlàyé fún mi. Ẹ̀rọ tí mo rà kì í dá nẹ́tíwọ́kì sílẹ̀. Ohun tó bá gbọ́ ló ń tún sọ. Mo wá gbé e síbi tí kò ti gbọ́ nǹkan kan dáadáa. Tábúlẹ́ẹ̀tì ń gbọ́ ẹ̀rọ náà ketekete, ìdí nìyẹn tí àmì fi kún, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ò gbọ́ ti pálọ̀. Ó ní bí mo bá tiẹ̀ gbé e sáàárín àgbàlá, afẹ́fẹ́ kan náà ni yóò fi máa gbọ́, òun náà ni yóò fi máa sọ, ìdajì agbára rẹ̀ á ti lọ.

"Na wire you need," ó ní. "Fa wáyà láti ara ráútà títí dé yàrá Mama. Gbé ẹ̀rọ kejì sí ìparí wáyà yẹn, inú yàrá, kó máa fọ́n ibẹ̀ nìkan. Òkúta no go disturb wire."

Ẹ̀rọ kejì yẹn ló pè ní ákísẹ́ẹ̀sì pọ́ìntì. Ó bi mí bóyá a ní ráútà àtijọ́ nílé. A ní, ọkọ mi kì í da nǹkan nù. Ó ní ìyẹn náà á ṣe é, tí a bá tò ó bó ṣe yẹ. Ó fẹ́ wá bá mi ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń lọ sílé ní Ìdá lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. "Call me," ó ní. "You go fit do am."

Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí nípa nǹkan tó jẹ mọ́ wáyà.

Ìṣòro tó kù ni ibi tí wáyà máa gbà. Àárín àgbàlá ni a ti ń sá aṣọ, ibẹ̀ la ti ń kọjá, wáyà ò lè gba ibẹ̀. Ojú odi ẹ̀gbẹ́ àgbàlá ló yẹ kó gbà, odi náà kì í sì í ṣe tiwa. Ti Àlàájà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni. Ìlọrin ni àwọn bàbá ńlá wọn ti wá, ṣùgbọ́n Lọ́kọ́ja ni wọ́n bí Àlàájà sí, ibẹ̀ ló ti ń ṣòwò aṣọ títí tó fi dàgbà. Yorùbá rẹ̀ ní Hausa nínú bí ọbẹ̀ ṣe ń ní iyọ̀. Mo wọ ilé rẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì ní mo fẹ́ tọrọ ojú odi láti fa wáyà gbà.

"Wáyà kí ni?" ó bi mí. "Ṣé ti iná ni? Mi ò fẹ́ iná lára odi mi o."

"Rárá, Mà. Kò ní iná tó lè gbé èèyàn. Ti nẹ́tíwọ́kì ni, kí Màmá lè máa rí ẹni tó ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ."

"Ṣé kí Ìyá Tíṣà lè sọ̀rọ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"To, ó dáa. Kí lo wá ń kúnlẹ̀ fún? Dìde jàre. Gbogbo odi náà ni kí o gbà."

Ní ọjọ́ Sátidé, ọkọ mi jí, ó rí mi tí mo ń gbé àkàbà kọjá ní ojú fèrèsé. Mo ti ra wáyà tó gùn tó, tí wọ́n ti fi orí sí i lọ́tùn-ún lósì láti ṣọ́ọ̀bù, mo sì ti ra páìpù dúdú tí a ó kì í bọ̀, kí oòrùn má baà jẹ ẹ́. Ó jáde wá pẹ̀lú ṣòkòtò tó fi sùn.

"Ta ló fẹ́ gun ìyẹn?"

"Èmi ni."

Ó yọ àkàbà lọ́wọ́ mi, kò sọ nǹkan mìíràn. Òun ló kan páìpù mọ́ odi Àlàájà, èmi ń na ìṣó sí i. Nígbà tí a dé ara yàrá Màmá, ó fẹ́ lu ihò. Dírìlì kígbe, ó kígbe, òkúta bàbá rẹ̀ ò gbọ́. Ẹnu dírìlì ló tẹ̀. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó fi nà sí igun fèrèsé, níbi tí férémù ti yọ díẹ̀ kúrò lára ògiri. Ihò kan ti wà níbẹ̀ tó ga tó ìka méjì. Aláǹgbá ń gba ibẹ̀ wọlé tipẹ́, gbogbo wa la sì mọ̀, kò kàn wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni ni. Wáyà gba ibẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Ọkọ mi wo Màmá, ó dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eruku. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ki orí wáyà kan bọ ráútà pálọ̀, mo ki èkejì bọ ráútà àtijọ́ tí a gbé sórí pẹpẹ nínú yàrá Màmá. Mo tan án. Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, nẹ́tíwọ́kì gbogbo ilé kú pátápátá, ti pálọ̀ pàápàá.

"Mo ní ká kó wọn wá sínú ilé ńlá," ni ọkọ mi wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò le.

Mo pe ọkùnrin Ígálà náà. Mo gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bi mí ní ìbéèrè méjì péré, ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ráútà méjèèjì ń lo nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà, àwọn méjèèjì sì ń pín nọ́ńbà fún gbogbo fóònù tó bá wọlé. "Two ọ̀gá no fit dey one office," ó ní. Ó ní kí n yọ wáyà ná, kí n fi tábúlẹ́ẹ̀tì wọ inú ètò ráútà àtijọ́ náà, kí n fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí n sì pa ibi tó ti ń pín nọ́ńbà. Ti pálọ̀ nìkan ni yóò máa pín. Lẹ́yìn náà, kí n fún un ní orúkọ nẹ́tíwọ́kì àti páásíwọ̀ọ̀dù kan náà pẹ̀lú ti pálọ̀, kí ohun tó bá ń rìn láti ibì kan dé ibì kejì má ṣe ṣe ìyọnu. Ó tún ní kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀: ihò aláwọ̀ búlúù kan dá dúró, ihò yẹ́lò mẹ́rin tò tẹ̀lé e. Èwo ni mo ki wáyà bọ̀?

Búlúù ni.

"Remove am. Yellow."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn Màmá, mo ń tẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀ọ̀kan bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ki wáyà bọ yẹ́lò. Iná kékeré aláwọ̀ ewé kan tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, ó ń ṣẹ́jú. Mo ṣí fídíò kan lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọdé kan tí wọ́n ń kọrin. Wọ́n kọrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró. Màmá ń mi orí sí i. Ọkọ mi ti padà síta, ó ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àbújá lórí fídíò láti inú àgbàlá, ó ń fi odi hàn wọ́n bíi pé òun ló ronú kàn án.

Nígbà tó di ọjọ́ Túsìdeè, mo tètè kúrò ní ọ́fíìsì. Mo ti so bátìrì kékeré mọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí iná tó bá lọ má baà mú ẹ̀kọ́ lọ. Obìnrin Ìlọrin náà yọ, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, a rí àmì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀. Màmá wò mí, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ kí n jáde. Mo jáde, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítorí èmi náà ò dára tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. "A-dì-ẹ." Ohùn Màmá ń wọ́, ó ń kọsẹ̀, ó ń padà bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ tí obìnrin náà ń kí i kú iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó fi àwòrán ìkòkò hàn án. Màmá sọ ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò kọsẹ̀.

"Ó kù díẹ̀, Mà," obìnrin náà ní. "Ẹ tún un gbìyànjú. Ẹ wo ẹnu mi."

Màmá tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ.

"Kò tíì rí bẹ́ẹ̀, Mà."

Mo ti ṣí ilẹ̀kùn kí n tó mọ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, Mà, ó rí bẹ́ẹ̀," mo ní. "Bí a ṣe ń pè é nílé wa ní Yàgbà ni wọ́n ń pè é yẹn. Ìkòkò ni wọ́n sọ. Ó pé pérépéré!"

Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ máa bínú sí mi, Mọ́mì," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ gbà á, èmi ni mo kùnà."

Màmá rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ ti ọjọ́ tí ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀rín tó ní ohùn ni, ẹ̀rín tíṣà tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣì ìṣirò lójú pátákó. Láti ọjọ́ náà, obìnrin Ìlọrin ní kí n máa kọ orúkọ nǹkan ránṣẹ́ sí òun bí a ṣe ń pè é ní Yàgbà. Ó ní ọ̀rọ̀ tí èèyàn kọ́kọ́ gbọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ padà. Mo kọ ọ́, mo tún fi ohùn mi sọ ọ́ ránṣẹ́, kó lè gbọ́ bó ṣe ń lọ sókè àti bó ṣe ń wálẹ̀. Ó di pé àwọn méjèèjì ń kọ́ ara wọn. Bí obìnrin náà bá ṣì í pè, Màmá á ju ìka sí i.

Ó tó bí oṣù méjì lẹ́yìn náà tí Àlàájà wọ àgbàlá wa ní ìrọ̀lẹ́ kan láti wá kí i. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kí Àlàájà tó la ẹnu, Màmá ní, "Okun o."

Ìkíni àwa ará Yàgbà ni. Àlàájà dúró síbi tó dé. Ó ti gbé láàárín wa pẹ́, ó mọ ohun tó gbọ́. "Okun, Ìyá Tíṣà," ó dáhùn. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò dúró de àga.

Mi ò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ ti padà. Ọjọ́ mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ á sá fún un látàárọ̀ dalẹ́, tí á fi ìbínú kọ ẹ̀yìn sí tábúlẹ́ẹ̀tì. Orúkọ àwọn ọmọ mi ṣì ń dàrú mọ́ ara wọn lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ò tíì di ṣíbí mú.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo gbọ́ ariwo láti yàrá ẹ̀yìn. Mo sáré, mo rò pé ó ṣubú ni. Màmá jókòó lórí ibùsùn, tábúlẹ́ẹ̀tì wà níwájú rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní abúlé ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n ń jà. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ gé igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé, ó ní ó ti gbó. Màmá ní irọ́ ni.

"Kò... kò gbó," ó ní. "Omi ni... ẹ ò..."

Ọ̀rọ̀ náà sá lọ. Àbúrò rẹ̀ la ẹnu láti bá a sọ ọ́. Màmá gbé ọwọ́ òsì sókè.

"Dúró!"

Ó dúró. Èmi náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, àpò ọ́fíìsì mi ṣì wà ní èjìká. Màmá pa ojú dé, ó ń wá a. Àbúrò náà ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Yàgbà, kò ṣẹ́jú, mo sì mọ̀ pé lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe nẹ́tíwọ́kì ló dá a dúró.

"Ẹ ò bomi rin ín," ni Màmá wí.

Ó sì ń bá ìjà rẹ̀ lọ.